Òṣùwọ̀n Tó Yadi ní Sángò

Abẹ́ tábìlì ni Rauf Afọlábí ti kọ́kọ́ rí Kàfáyá Àmọ̀dá, ẹnjiníà kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè wá tún òṣùwọ̀n ṣe. Ó kúnlẹ̀ nínú yàrá òṣùwọ̀n ọkọ̀ ní ilé iṣẹ́ páànù kan ní Sángò-Ọ̀tà, tọ́ọ̀ṣì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, eruku sì ti kun híjáàbù rẹ̀.

"Ta ló ń bójú tó ibí?" ó bèèrè.

"Èmi ni, ẹnjiníà."

"Kí ló yí padà láti àná?"

"Fáyáwọ́ọ̀lù ni. Sọ́fútúwià rẹ̀ tuntun wọlé láàárọ̀ yìí. Látìgbà náà ni òṣùwọ̀n kò ti bá kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì sọ̀rọ̀ mọ́."

Òótọ́ ni, àmọ́ àbọ̀ òótọ́ ni. Nígbà tí òṣùwọ̀n yadi, Rauf ṣe ohun tí gbogbo wọn máa ń ṣe nílé iṣẹ́ náà kí wọ́n tó pe ẹni tó mọ̀ ọ́n: ó yọ gbogbo wáyà, ó fẹnu fẹ́ eruku ara wọn, ó sì kì wọ́n padà. Nígbà tí ọ̀gá bi í, ó ní òun kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹni méjì ni wọ́n ti lé lọ lọ́dún yẹn nítorí irú ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Tírélà mẹ́rìndínlógún ti tò dé etí títì. Kò sí èyí tó lè jáde láì jẹ́ pé wọ́n wọ̀n ọ́n. Ọpẹ́, awakọ̀ tó wà níwájú, yọrí lójú fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n Rauf, ṣé kí n kúkú gbé òṣùwọ̀n yín sẹ́yìn ọkọ̀, kí n máa wọ̀n ọ́n lọ títí dé Ìbàdàn?"

Kàfáyá rẹ́rìn-ín, kò sì dáwọ́ dúró. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló wọ Rauf lọ́kàn. Ohun kan ṣoṣo ló ń yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bó bá yí i, á dán an wò. Bí kò bá ṣiṣẹ́, á dá a padà sí bó ṣe wà, á kọ ọ́ sílẹ̀, á tún mú òmíràn. Kò méfò, kò sì kánjú. Rauf kò rí ẹni tó mọ iṣẹ́ ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Fáyáwọ́ọ̀lù dà bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì," Kàfáyá ṣàlàyé fún un. "Ẹ̀ṣọ́ àtijọ́ mọ òṣùwọ̀n yín, ó ń jẹ́ kó kọjá. Ẹ gba ẹ̀ṣọ́ tuntun, ẹnikẹ́ni kò sì fi òṣùwọ̀n hàn án. Ló bá tìlẹ̀kùn mọ́ ọn."

Kò pẹ́ tó fi rí ilẹ̀kùn náà. Ó kọ òfin tuntun tí yóò ṣí i, ó sì tẹ bọ́tìnnì.

Òṣùwọ̀n kò fọhùn.

Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣìnúbí, ọ̀gá ilé iṣẹ́, já wọlé. "Ṣé ọmọdébìnrin yìí náà ni wọ́n rí rán sí wa? Kó ẹrù rẹ. N ó pe àwọn ọ̀gá rẹ pé o kò mọṣẹ́."

"Ẹ má bínú, sà. Òfin tí mo kọ tọ̀nà. Nǹkan mìíràn ló kù tí n kò tíì rí."

Ohùn Kàfáyá dúró ṣinṣin, àmọ́ Rauf rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Bí Rauf bá dákẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọlọ́mọ yóò bàjẹ́.

"Ọ̀gá, èmi ni," ó wí. "Mo yọ àwọn wáyà láàárọ̀. Mo parọ́ fún yín. Ó ṣeé ṣe kí n ṣì wọ́n kì."

Kàfáyá tún kúnlẹ̀, ó fọwọ́ tọ wáyà òṣùwọ̀n títí dé ìdí rẹ̀. Inú ihò tó jẹ́ ti kámẹ́rà ẹnu géètì ló wà. Ó yọ ọ́, ó kì í síbi tó yẹ. Nọ́ńbà yọ lórí kọ̀ǹpútà, Ọpẹ́ sì fọn fèrè ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó bímọ.

Wọn kò lé Rauf. Wọ́n yọ ọ́ nípò ọ̀gá òṣùwọ̀n, wọ́n sì rán an lọ máa ka páànù ní ilé ìkẹ́rùsí wọn ní Ìgbẹ̀sà. Lẹ́nu géètì, Kàfáyá dúró dè é.

"Kí ló dé tí ẹ kò tètè sọ ọ́?"

"Ẹ̀rù bà mí."

"Kí ló wá mú yín sọ ọ́?"

"Ọwọ́ yín tó ń gbọ̀n."

Kàfáyá rẹ́rìn-ín. "Ẹ fún mi ní nọ́ńbà yín. Kì í ṣe torí òṣùwọ̀n o."

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi fẹ́ra wọn. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Rauf ń gun ọ̀kadà jáde láti Ìgbẹ̀sà, eruku á bò ó dé ìpéǹpéjú, Kàfáyá á sì máa fi ìdí híjáàbù nù ún. "Olólùfẹ́ mi eléruku," ló ń pè é.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, bàbá Kàfáyá, Alhaji Àmọ̀dá, wẹ́dà àgbà ní Oju Ore, ọmọ bíbí Ọ̀tà, kọ̀ jálẹ̀. "Ará Ìkirè, ta ló mọ ìdílé rẹ̀? Wọ́n tún ní wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ fìyà jẹ, kí ló fẹ́ fi ọmọ mi ṣe?"

"Ẹ pè é, Bàbá. Ẹ bi í fúnra yín."

Rauf dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá náà àti ìyàwó rẹ̀, Hàlímọ̀tù.

"Kí lo ṣe tí wọ́n fi rán ọ lọ Ìgbẹ̀sà?"

Rauf ti to ọ̀rọ̀ dáadáa lọ́nà, gbogbo rẹ̀ sì fò lọ. Ó sọ ti wáyà, ó sọ ti irọ́. "Mo dúró ti ọmọ yín, sà, mo sì dákẹ́ títí wọ́n fi bú u lójú mi."

"Kàfáyá ti sọ fún wa," ni bàbá wí. "Ó ní o kò dákẹ́ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ."

Rauf gbójú sókè wo Kàfáyá. Kàfáyá bojú.

"Ó ń ṣàánú mi ni, sà. Ó tó wákàtí kan."

Hàlímọ̀tù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Baba Kàfáyá, ẹ gbọ́? Ọmọ yín ń bá a dín ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kù, òun fúnra rẹ̀ ń fi kún un!"

Alhaji kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa àga. "Dìde, jókòó. Sọ fún àwọn òbí rẹ kí wọ́n máa bọ̀ wá kí wa."

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n so yìgì fún wọn ní Oju Ore. Ààfáà bi Rauf bóyá ó gbà láti fẹ́ Kàfáyá, ìbéèrè náà kò sì tíì délẹ̀ tí ọkọ ìyàwó fi dáhùn.

"Mo gbà!"

"Sùúrù, ọmọ mi," ni Ààfáà wí, mọ́sálásí sì bú sẹ́rìn-ín.