Ẹ̀rí Tí Akọ̀wé Jẹ́ Lórí Oko Ọsàn

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló gbin àwọn igi ọsàn yẹn?" Adájọ́ ló bi í bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Bàbá rẹ̀ tó ti kú ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé bó bá wà lóko pàápàá, ìwé kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ ìdáhùn náà dáadáa. Bàbá rẹ̀ ló fi ẹ̀ka ọsàn aládùn bọ kùkùté ọsàn kíkan, igi kan lẹ́yìn òmíràn, Akọ̀wé a sì fi ọwọ́ méjèèjì di ojú ibi tó gé mú títí bàbá yóò fi fi àkísà wé e pinpin kí méjèèjì lè lẹ̀ pọ̀ di igi kan.

Ṣùgbọ́n Bàbá Ìgboro, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ń ta símẹ́ńtì nígboro, ti fẹnu dídùn bá a sọ̀rọ̀. Ó ní oko lòun ń bá ìyá rẹ̀ dù, òun ò bá wọn du ilé. Bí Akọ̀wé bá lè sọ ní kóòtù pé òṣìṣẹ́ òun ni bàbá rẹ̀, yóò wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, yóò ní yàrá tirẹ̀, yóò sì ṣe ìdánwò àṣekágbá nílé ìwé tó dára jù nígboro. Akọ̀wé ro ti kíláàsì tí òjò ń rọ̀ sí wọn lórí, ọkàn rẹ̀ sì fà sí ìgboro.

"Bàbá Ìgboro ni," ló wí. "Òṣìṣẹ́ wọn ni bàbá mi."

Ìyá rẹ̀ yíjú sí i. Ó kàn ń wo ẹnu ọmọ rẹ̀. Adájọ́ ní ọmọ kì í ṣàdédé tako ìyá tó bí i, ó sì dá Bàbá Ìgboro láre.

Láti ọjọ́ náà, ìyá ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, àfi kó gbé oúnjẹ kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Nígbà tí Bàbá Ìgboro dé pẹ̀lú ọlọ́pàá kóòtù àti àwọn káfíńtà, Akọ̀wé ti di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, inú rẹ̀ ń dùn pé wọ́n wá mú òun. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n kó jáde, inú oko òun nilé wà.

"Bàbá, ẹ ní ẹ ò bá wa du ilé."

"Òṣìṣẹ́ ń jogún ilé ọ̀gá ẹ̀ ni? Ìwọ náà lo sọ ọ́ ní kóòtù."

Akọ̀wé bi í pé yàrá tòun ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ tó ta ìyá ẹ̀, kí ló máa wá fi èmi ṣe?"

Ìyá ti mọ̀ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ń lọ, ó ti di ẹrù tirẹ̀ láti àárọ̀. Akọ̀wé sáré lọ gbé e rù ú. Ìyá fa ẹrù náà sẹ́yìn.

"Má fọwọ́ kàn án. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ni mò ń lọ. Ó bi mí pé ẹni mélòó ló ń bọ̀, mo ní èmi nìkan."

Ó lọ, kò wẹ̀yìn. Àwọn káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í tú páànù òrùlé, Akọ̀wé sì dúró lójúde pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Kò ṣe ìdánwò kankan lọ́dún náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má jẹ́ kí ìlérí ẹnikẹ́ni mú yín jẹ́rìí èké sí ẹni yín, torí ẹni tẹ́ ẹ pa irọ́ náà fún kò ní fọkàn tán yín láé, ẹni tẹ́ ẹ pa á mọ́ sì lè má dárí jì yín.