Ọwọ́ Òsì Ni Wọ́n Fi Ń Bu Yẹ̀pẹ̀

Ọwọ́ àwọn tó wà nínú fọ́tò náà ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Ọwọ́ òsì ni gbogbo wọn fi ń bu yẹ̀pẹ̀ sínú ibojì. 

Philemon, tí a jọ jáde ilé ìwé, ló gbé iṣẹ́ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mi l'Ókìtìpupa. Bàbá rẹ̀ kú, wọ́n sì fẹ́ sin ín sínú pálọ̀ ilé wọn l'Áyèká. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sin bàbá àgbà wọn sínú pálọ̀ yẹn tipẹ́, wọ́n ti lẹ táìlì bò ó, kò sì sẹ́ni tó rántí apá ibi tó wà mọ́. Èèwọ̀ ńlá ni kí wọ́n ṣèèṣì hú u. Ni Lérè, àbúrò Philemon tó wà ní Kánádà, bá fi ẹ̀rọ sọ fíìmù fọ́tò tí wọ́n yà níbi ìsìnkú bàbá àgbà di fáìlì kọ̀ǹpútà, ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ká lè rí ibi tí ibojì wà.

Kọ̀ǹpútà mi kọ̀, kò ṣí i. Mo wá áàpù tó ń ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀, mo fi sí i, mo pa ẹ̀rọ, mo tún tàn án. Fọ́tò wá ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti òkè, bí ìgbà tí èèyàn ń ká aṣọ kúrò lójú òkú. Láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti yà á, ibojì sì wà lápá ọ̀tún. Philemon mí kanlẹ̀, ó pe Láyí tó fẹ́ gbẹ́lẹ̀.

"Apá òsì ni kẹ́ ẹ gbẹ́ o. Ẹ má dé apá ọ̀tún."

Ó pè é tán kí n tó rí àwọn ọwọ́ yẹn.

"Philemon," mo rọra sọ, "ta ló ń fọwọ́ òsì sin òkú nílẹ̀ yìí?"

Àfìgbà tó yé mi. Lérè ti dojú fíìmù dé, ó sọ ọ̀tún di òsì! Mo yí fọ́tò padà, ibojì bọ́ sí apá òsì. Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn ń lò báyìí, àfi bàbá arúgbó kan tó dúró lẹ́yìn wọn, tó ń na ọwọ́ òsì sí apá kejì.

"Bàbá àgbà nìyí," ni Philemon wí. "Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n."

"Ṣebí àwọn ni wọ́n ń sin?"

 Philemon tún tẹ Láyí láago, ó tan sípíkà fóònù.

"Láyí, ẹ dúró!"

"A ti dúró, ẹ̀gbọ́n." Ohùn Láyí lọ sílẹ̀. "A ò tíì fọ́ táìlì tí bàbá kan fi wọlé. Wọ́n ní ká kúrò níbẹ̀, ká gbẹ́ apá kejì. Wọ́n wà lórí àga báyìí. Wọ́n ní ká gbé fóònù fáwọn."

Mo ní kí Philemon pa fóònù. Ó tẹ̀ ẹ́ tì, kò kú.  Ohùn jẹ́jẹ́ kan pe Philemon lóríkì látinú fóònù.

"Àkànmú, ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì bàbá rẹ ṣì gba ẹnì kan sí i. Má tíì jẹ́ kí wọ́n lẹ táìlì bò ó."