Ojú Ewé Tí Zulema Fò

Ojú di mẹ́rin láàárín èrò. Gbọ̀ngàn náà kún fọ́fọ́, atẹ́gùn kò ráyè wọlé, síbẹ̀ ojú ọ̀dọ́kùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà wá ojú Zulema rí níwájú, àyà ọmọbìnrin náà sì já. Kò rí i rí láyé rẹ̀.

"Fausto nìyẹn," Ẹnjiníà Ordóñez fọhùn kẹ́lẹ́ sí i létí. "Láti ilé ìtẹ̀wé kan ní Quito, olú ìlú, ló ti wá. Bí ìwé tí o tú bá yé ará ìlú wa lónìí, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè tó ń sọ Sípáníìṣì. O ò gbàgbé àdéhùn wa?"

"Mi ò gbàgbé, sà."

Báwo ni yóò ṣe gbàgbé? Ìwé tó ń tọ́ni sọ́nà bí a ṣe ń yẹ ètò ìjọba lórí ojú ọjọ́ wò, bóyá ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Zulema, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù nílé ìwé wọn, ló tú u sí Sípáníìṣì. Ojú ewé kan ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ètò kan yọrí láìkọ́kọ́ bi àwọn tó ń rí oúnjẹ òòjọ́ wọn níbẹ̀ léèrè. Ẹnjiníà ló gbin igi sínú ẹrẹ̀ etí òkun lábẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi ará ibẹ̀ léèrè. Ó ní kí Zulema fo ojú ewé yẹn, òun yóò bá a wá àyè ní yunifásítì. Zulema gbà. Láti ìgbà náà ló ti dà bí ẹja inú ìgèrè: ó rọrùn láti wọlé, kò rí ọ̀nà jáde.

Ẹnjiníà tún fi ìpàdé sí àsìkò tí òkun fà sẹ́yìn, tí àwọn obìnrin tó ń wa kọ́ńchà, ẹran inú ìkarahun, ti wọ inú ẹrẹ̀ lọ. Ìyá Zulema wà lára wọn. Àmọ́ ọmọ orí òkè ni ọkùnrin náà. Kò mọ̀ pé òkun kì í dúró de ọ̀rọ̀ olóyè. Wọ́n ṣì ń kí ara wọn nígbà tí omi padà, tó sì lé àwọn obìnrin náà wálé. Wọ́n wọlé tẹrẹ̀tẹrẹ̀, èéfín èèpo àgbọn tí wọ́n fi ń lé ẹ̀fọn ṣì ń rú lọ́wọ́ wọn.

Zulema kàwé. Nígbà tó dé ojú ewé yẹn, ó fò ó.

"Ó tán?" ìyá rẹ̀ pariwo. "Ìwé náà ò ní kí wọ́n bi wá léèrè? Igi Ẹnjiníà ti kú, fọ́tò rẹ̀ nìkan ló yè!"

Èrò bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́…"

"Àbí o ti jẹ dòdò ni, tí o kò lè sọ òdodo?"

Ẹnjiníà tẹ ẹsẹ̀ Zulema mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Zulema wo ìyá rẹ̀, ó wo Fausto. Ó fa ẹsẹ̀ yọ, ó mú ojú ewé yẹn tó ti ká pamọ́ sápò jáde, ó kà á sókè.

"Yunifásítì ti bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ nìyẹn," Ẹnjiníà sọ, ó sì jáde.

Omijé bọ́ lójú Zulema, ṣùgbọ́n ó jókòó. Àwọn obìnrin ń sọ ibi tí igi ti kú àti ohun tó pa á, ó ń kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan tí yóò bá ìwé náà lọ sí Quito. Ó wá yé e pé ìmọ̀ tí a bá fi pa ará ilé ẹni lẹ́nu mọ́, ẹ̀wọ̀n ni.

Fausto wá sídìí tábìlì, ó na ọwọ́ sí lẹ́tà náà. "Ṣé tèmi ni?"

"Tiwọn ni," Zulema dáhùn, ó tọ́ka sí àwọn obìnrin náà, ó sì fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.