Ta Ló Gbé Míṣà Ìyá Oníbúrẹ́dì?

Nígbà tí Sájẹ́ǹtì dé ilé búrẹ́dì, àyè òfìfo ló bá níbi tí míṣà wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá tó ń po fúláwà ni míṣà yìí, ó wúwo bí àna tó wá kí wa, tí ò fẹ́ lọ mọ́. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, ọ̀kan nínú wọn ò sì tíì nàró dáadáa títí dòní. Ní báyìí, ẹ̀rọ ti rìn lọ.

Inú Sájẹ́ǹtì ò dùn. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó jí. Oorun tó sùn gan-an ló rẹ̀ ẹ́. Bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti yanu, bó ṣe ń rìn ló ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Dírẹ́bà mi ni!" Ìyá Oníbúrẹ́dì ń pariwo lójú títì, gbogbo fèrèsé àdúgbò ló ti ṣí sílẹ̀. "Olè ni! Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ náà kó mi lẹ́rù lọ!"

"Màmá, ẹ rọra. Ẹ jẹ́ n wo ilẹ̀ ná."

"Kí lẹ fẹ́ wò nílẹ̀? Ṣé ilẹ̀ ló jí i?"

Àgádágodo ò fọ́. Kọ́kọ́rọ́ méjì péré ló wà: ọ̀kan lọ́wọ́ dírẹ́bà, ìkejì lábẹ́ ìrọ̀rí ìyá fúnra rẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù dírẹ́bà sì ti tẹ̀, ó rí bí ẹnu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé oògùn kíkorò mì. Kí làwọn èèyàn tún ń wá? Wọ́n ní míṣà ló tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ń gùn ún. Dírẹ́bà ti wà ní àtìmọ́lé. Ọ̀gá tẹ́ṣàn ní tó bá fi di ọ̀sán, òun á gbé e lọ sí kóòtù. Ta ló máa gbé ọkọ̀ fún dírẹ́bà tí wọ́n bá ti pè lólè ní kóòtù?

Sájẹ́ǹtì kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ké, òun náà ké. Fúláwà tó dà sílẹ̀ ló ń sọ ìtàn. Àmì páìpù irin wà níbẹ̀, ó to ara rẹ̀ bí àtẹ̀gùn, ó lọ tààrà sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì. Wọ́n yí míṣà lórí páìpù ni. Níta, ẹnu ọ̀nà ga dọ́gba pẹ̀lú inú píkọ́ọ̀pù. Àmì táyà sún mọ́ ògiri débi pé kòkòrò tín-ín-rín ò lè gba àárín wọn kọjá.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹnì kan ti tẹ́ àpò fúláwà òfìfo léra wọn bíi bẹ́ẹ̀dì. Nǹkan kan ti sùn lórí rẹ̀. Ó fẹ̀, ó ní igun mẹ́rin, kò sì lórí. Gírísì dúdú wà ní igun méjì.

"Ta ló sùn síbí?"

"Ta ló fẹ́ sùn síbí?" Ìyá Oníbúrẹ́dì jágbe. "Òru kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ la kì í ṣiṣẹ́, òun nìkan lèmi gan-an fi ń sùn. Òru yẹn náà ni wọ́n wá jà mí lólè!"

Ní tẹ́ṣàn, Sájẹ́ǹtì fa dírẹ́bà lọ sídìí píkọ́ọ̀pù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì tẹ̀ lé wọn. Ẹnu ẹ̀ ò sinmi.

"Ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn."

"Kì í ṣí, mà. Mo gbé dúrọ́ọ̀mù omi kà á lórí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré, mà. Àtìgbà yẹn ló ti ń bínú."

Sájẹ́ǹtì fà á. Kò mira. Ó tì í. Kò dá a lóhùn. Wáyà ni wọ́n fi so ó mọ́ ara ọkọ̀. Wáyà ti dípẹtà, ojú ibi tó tẹ̀ náà ti dípẹtà, àwọ̀ ẹ̀ ti pọ́n kuku.

"Báwo lo ṣe ń kó búrẹ́dì sínú ẹ̀?"

"Ẹ̀gbẹ́ ni mò ń gbà gùn ún, mà, bí ewúrẹ́ tó fẹ́ fo ọgbà."

"Irọ́ ni!" Ìyá Oníbúrẹ́dì dá sí i. "Ojú ẹ̀ gan-an jọ ti olè."

Ọ̀gá tẹ́ṣàn yọrí lójú fèrèsé. "Sájẹ́ǹtì! Ṣé ilẹ̀kùn ẹ̀ tẹ̀ àbí kò tẹ̀?"

"Ó tẹ̀, sà, àmọ́—"

"Ó parí. Ọ̀sán ò jìnnà."

Sájẹ́ǹtì mí kanlẹ̀, ó forí lé ilé Ọ̀gá Nọ́ọ̀tì, ọkùnrin tó máa ń tún míṣà ṣe; Ìyá Oníbúrẹ́dì tún tẹ̀ lé e. Òun náà ní páìpù irin lọ́pọ̀. Àmọ́ wọ́n ti fi aṣọ gbé apá ẹ̀ kọ́ ọrùn.

"Kí ló ṣe yín lápá?"

"Mo ṣubú lórí àkàbà. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó mi ló ń fi ṣíbí bọ́ mi. Ó ń sọ ọ́ sí mi lẹ́nu bí ẹni ń ju òkò."

"Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé míṣà yẹn sínú píkọ́ọ̀pù, báwo lẹ máa ṣe é?"

Ojú Ọ̀gá Nọ́ọ̀tì tàn. "Ẹ má jẹ́ kó kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn o! Ṣéènì tín-ín-rín méjì ló so ó ró. Bí míṣà bá dúró lé e, ó tán. Ẹni tó bá fẹ́ràn mọ́tò ẹ̀ á tú ilẹ̀kùn yẹn kúrò pátápátá, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Á wá fi ìdí ọkọ̀ ti ẹnu ọ̀nà. Páìpù nísàlẹ̀, dígà lẹ́yìn, ẹ máa tì í díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kan lè dá a ṣe, tó bá ní sùúrù."

"Ṣé ilẹ̀kùn tó ti dípẹtà ṣeé tú?"

"Ẹ kọ́kọ́ lọ ra ayùn irin, ẹ máa gé e ni."

Sájẹ́ǹtì dúró sójú kan. Bẹ́ẹ̀dì àpò fúláwà yẹn! Ilẹ̀kùn mọ́tò ló sùn síbẹ̀. Gírísì igun méjèèjì, ti hínjìsì ni. Kí ló ń ṣe olè tó fẹ́ jalè lóru, tó tún dúró tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún irin kí ọ̀dà ara ẹ̀ má baà bó?

"Màmá, ta lẹ mọ̀ tó fẹ́ràn píkọ́ọ̀pù ẹ̀ tó yẹn?"

Ìyá Oníbúrẹ́dì pòṣé. "Ṣé ọkọ mi ni? Ó fẹ́ràn tiẹ̀ jù mí lọ. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀."

Sájẹ́ǹtì ò fi í sílẹ̀.

Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀. Wọ́n bá a níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi kàǹrìnkàn rírọ̀ wẹ píkọ́ọ̀pù funfun kan bí ìyá ọlọ́mọ tuntun. Ó kù díẹ̀ kó fi pàúdà sí i.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Níbo lẹ wà lóru àná?"

"Lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ bi ìyàwó mi."

"Òótọ́ ni," ìyàwó dáhùn.

"Màmá, tẹ́ ẹ bá sùn, ṣé ẹ máa ń gbọ́ nǹkan?"

"Bí òrùlé bá ká lọ, àárọ̀ ni mo máa mọ̀."

Sájẹ́ǹtì yọ píìnì kan nínú irun orí ẹ̀. Ó tì í bọ ojú ihò hínjìsì ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó rọra gbẹ́ ẹ. Nǹkan funfun kan jábọ́ sọ́wọ́ ẹ̀. Fúláwà ni. Omi tí wọ́n fi ń wẹ mọ́tò ti sọ ọ́ di lẹ́ẹ̀, oòrùn sì ti yan án gbẹ. Díẹ̀ ló kù kí mọ́tò náà ta búrẹ́dì.

"Mo máa ń bá a kó fúláwà," Káfíńtà sọ kíákíá.

"Inú ọkọ̀ ni àpò fúláwà ń wà, Bàbá. Tí ilẹ̀kùn yìí bá wà nípò ẹ̀, irin ló bo ihò yẹn, ó ku ibi tí píìnì lè gbà. Àfi tẹ́ ẹ bá tú u, tẹ́ ẹ gbé e síbi tí fúláwà wà. Dírẹ́bà ò lè tú tiẹ̀ láéláé. Ọ̀gá Nọ́ọ̀tì ò ní apá, kò sì ní kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, ẹ̀ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí tí kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbé míṣà."

Kàǹrìnkàn bọ́ lọ́wọ́ Káfíńtà. Ó wo ìyàwó ẹ̀, ó wo ilẹ̀. Ó wá nawọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ gàgàrà kan nínú ṣọ́ọ̀bù. Sájẹ́ǹtì ṣí i. Míṣà dúró sínú ẹ̀ bí ẹni tó ń sá fún ẹgba.

"Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ò nísàlẹ̀," Káfíńtà sọ. "Mo kàn fi bò ó ni. Mi ò fẹ́ tà á. Lọ́jọ́sí, mo wọlé, mo bá ìyàwó mi tó ń tòògbé lórí ìdúró, ọwọ́ ẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ wọ ibi tí irin ti ń yí. Mo fa iná yọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó sinmi. Ó ní tóun bá kú, òun á sinmi. Mo rò ó pé kó ṣáà sùn fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀, màá dá a padà."

Ìyá Oníbúrẹ́dì jókòó lórí pákó. 

"Àwọn ọlọ́pàá wá mú dírẹ́bà," Sájẹ́ǹtì sọ. Ohùn ẹ̀ ò ga, ó ti rẹ̀ ẹ́ ju kó pariwo lọ. "Ẹ gbọ́, ẹ dákẹ́, ẹ ń fọ mọ́tò. Ẹ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ilẹ̀kùn irin, ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sùn lórí símẹ́ǹtì."

Káfíńtà ṣa kàǹrìnkàn ẹ̀ nílẹ̀. Ó ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó tẹ̀ lé e.

Wọ́n dé tẹ́ṣàn bí ọ̀gá ṣe ń wọ fìlà láti gbé dírẹ́bà lọ sí kóòtù. Káfíńtà wọlé, dírẹ́bà jáde. Wọ́n kọjá lára wọn lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó kí ẹnì kejì.

Ìyá Oníbúrẹ́dì wó sórí eékún méjèèjì. "Ọmọ mi, dákun, foríjì mí."

"Ẹ dìde, mà." Dírẹ́bà ò wo ojú ẹ̀. "Ẹ ò pè mí lólè níbí. Ojú títì lẹ ti pè mí."

Ìyá wo Sájẹ́ǹtì. Sájẹ́ǹtì wo òkè àjà.

Báyìí ni wọ́n ṣe padà sí àdúgbò lójú oòrùn gangan. Ìyá Oníbúrẹ́dì dúró láàárín títì, ó lanu gbàgà. "Kì í ṣe olè o! Dírẹ́bà mi kì í ṣe olè! Ọkọ mi ló gbé míṣà!"

Ohùn ẹ̀ ti há. Fèrèsé kan ṣí gbà. "A ti gbọ́, jàre! Ẹ jẹ́ ká sun oorun ọ̀sán!"

Ó yíjú sí dírẹ́bà. Dírẹ́bà ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó tọ́ka sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nísàlẹ̀ títì.

"Fèrèsé àwọn yẹn ò tíì ṣí, mà. Ẹ tún un sọ."