Ìwé Tí Àkànmú Tẹ̀ka Sí

Ọyẹ́ mú gan-an ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ Àkànmú ní kóòtù ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́. Ọdún 1938 ni. Àwọn olóyè mẹ́rin tó ń dájọ́ ti jókòó lábẹ́ òrùlé páànù. Àgbà wọn, Olóyè Àkànní, wọ agbádá etù, ó dé fìlà abetí ajá, ó sì gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan. Adélékè, akọ̀wé kóòtù, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn pẹ̀lú ṣòkòtò kakí péńpé àti ìgò tàdáwà rẹ̀. Èrò kún ìta dé ìdí igi ọ̀dán, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé obìnrin kan pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lẹ́jọ́ nítorí ilẹ̀.

Àpèkẹ́ ni obìnrin náà. Opó ni, kíjìpá méjì ló ró mọ́ra, kò fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn. Ohun tó wá gbà lọ́wọ́ Àdìó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni oko àgbọn tí bàbá wọn fi fún un ní ọ̀nà Ìbà. Oko yẹn ló fi ń bọ́ ọmọ mẹ́ta. Bí kóòtù bá gbé e fún Àdìó, kò sí ibòmíràn tí yóò yà sí.

Níbi tí ọkọ̀ èrò ti ń yí padà ní Okokomaiko lónìí ni oko ọ̀hún wà. Nígbà yẹn, yanrìn funfun àti àgbọn ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ipa ẹsẹ̀ àwọn tó ń ru àgbọn gbígbẹ lọ sí etí ọ̀sà, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó o lọ sí Èkó.

Àkànmú, bàbá wọn, bí ọmọkùnrin mẹ́ta àti ọmọbìnrin kan. Ní ọdún 1927, ó já bọ́ láti orí igi àgbọn, kò sì lè dá dìde mọ́ láti ọjọ́ náà. Àpèkẹ́ ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń gbé e jáde sí oòrùn àárọ̀, òun ló ń fọ ẹní rẹ̀. Ọjọ́ Iléyá ni àwọn ọmọkùnrin ń wá, wọ́n á jẹ ẹran, wọ́n á sì gba itan àgbò lọ. Nígbà tó pé ọdún kan, Àkànmú ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan tó máa ń bá èèyàn kọ lẹ́tà, ó ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fi oko ọ̀nà Ìbà fún Àpèkẹ́ títí ayé. Ó ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé náà.

Àpèkẹ́ kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ó dá ìwé náà padà, ó ní kí bàbá òun bá òun fi í sínú àpótí rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í tọ́jú ìwé ogún sọ́wọ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì ń mí, àfi bí ẹni tó ń ka ọjọ́ fún un. Ìwà rere ló hù. Ìwà rere yẹn ló fẹ́ gba oko lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí Àkànmú kú ní ọdún 1937, Àdìó ló kọ́kọ́ ṣí àpótí.

"Ìwé dà?" ni Olóyè Àkànní bi í.

"Inú àpótí bàbá wa ló wà, Bàbá. Ibẹ̀ ni mo ní kí wọ́n bá mi fi í sí."

Àdìó dìde. Ọkùnrin gíga ni, ó wọ dàńṣíkí aláró tí wọ́n lù tó ń dán. "Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìkàlẹ̀. Mo ṣí àpótí o. Ẹ̀wù méjì ni mo bá níbẹ̀, àti tẹ̀súbà kan, àti eyín bàbá wa kan tó yọ ní èṣí tí wọ́n dì sínú aṣọ. Bóyá eyín yẹn ni Àpèkẹ́ ń pè ní ìwé."

Àwọn èrò ìta rẹ́rìn-ín.

"Ẹni tó kọ ọ́ ńkọ́?" ni olóyè tún bi Àpèkẹ́.

"Ó ti kú, Bàbá. Ó di ọdún méjì."

"Ẹ ò rí nǹkan," ni Àdìó wí. "Òkú ló fún un nílẹ̀, òkú ló kọ ọ́, òkú ló máa jẹ́rìí. Kí á kúkú gbé kóòtù lọ sí itẹ́ òkú."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Àpèkẹ́ kò gbójú sókè.

Àdìó wá sún mọ́ iwájú, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń ṣàánú àbúrò rẹ̀. "Mi ò sọ pé kò jẹ oko náà. Bàbá yá a jẹ ni, torí pé ó ń tọ́jú wọn. Ẹ bi í, ta ló máa ń gbé apẹ̀rẹ̀ àgbọn wá fún bàbá ní gbogbo ìkórè? Òun náà ni. Gbogbo ilé ló rí i. Ta ni ẹ rí tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ ara rẹ̀? Ẹni tí wọ́n yá nílẹ̀ ló ń san án. Àbí mo purọ́, Àpèkẹ́?"

"Mo gbé e wá. Ọpẹ́ ni. Ìṣákọ́lẹ̀ kọ́."

"Tí wọ́n bá ti wà nínú apẹ̀rẹ̀, báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ ọpẹ́?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn, nítorí ọ̀rọ̀ náà mú. Olóyè kan mi orí. Adélékè kọ ọ́ sílẹ̀. Àpèkẹ́ rí i bí kálámù ṣe ń lọ lórí ìwé, ó sì mọ̀ pé ohun tí òun fi ọ̀wọ̀ ṣe lọ́dọọdún ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ láti fi dá òun lẹ́bi.

Olóyè Àkànní gbé ọ̀pá rẹ̀ kúrò lórí itan. Àgbàlagbà tó ti ṣoko rí ni. "Àpèkẹ́," ni ó wí, "tí o bá gbé apẹ̀rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ, báwo ni o ṣe ń gbé e padà?"

"Àgbọn kan á wà nínú rẹ̀, Bàbá. Bàbá mi kì í jẹ́ kí apẹ̀rẹ̀ ọpẹ́ padà lófìfo. Wọ́n á ṣa ọ̀kan tó ti hù, wọ́n á ní kí n lọ gbìn ín sí ààlà."

"O gbìn ín?"

"Mo gbìn ín. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo kórè nígbà ayé wọn. Mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀."

Kò sí àgbẹ̀ kan níbẹ̀ tí kò mọ òfin náà: ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin ẹ̀gẹ́, ó lè gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gbin igi tí yóò pẹ́ nílẹ̀ jù ú lọ. Onílẹ̀ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àgbọn fún èèyàn pé kó lọ gbìn ín sí ààlà, kì í ṣe pé ó yá onítọ̀hún nílẹ̀.

"Àgbọn pọ̀ ní Ọ̀jọ́," ni Àdìó wí. "Ta ló mọ ẹni tó gbin èwo?"

"Ọ̀la," ni Olóyè Àkànní dáhùn, "a ó lọ fi ojú ara wa rí i."

Nígbà tí wọ́n dé oko ní ọjọ́ kejì, òórùn igi tútù ló kọ́kọ́ pàdé wọn. Gbogbo igi tó wà ní ààlà ti wà nílẹ̀. Omi ṣì ń sun lára àwọn kùkùté wọn. Àdìó dúró síbẹ̀, ó ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà, àáké rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ gbé e pamọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń wá igi ìdáná. Oko bàbá mi ni, kò sí ẹni tí mo fẹ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀."

Àpèkẹ́ kò sọkún. Ó lọ jókòó sórí igi àkọ́kọ́, èyí tó gùn jù, ó fi ọwọ́ ra á bí ẹni tó ń ra ẹ̀yìn aláìsàn.

Àdìó ti gé wọn, ṣùgbọ́n kò ráyè gbé wọn kúrò. Bí wọ́n ṣe tò nígbà tí wọ́n wà lóòró, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò nílẹ̀. Adélékè bọ́ bàtà rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wọ̀n wọ́n. Ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni èkíní. Èkejì kò tó o. Ẹ̀kẹta kò tó èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kúrú sí i bí àtẹ̀gùn, títí dé ẹ̀kẹsàn-án tí kò tíì ní ju imọ̀ àgbọn mẹ́rin lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ló sùn sílẹ̀ lórí yanrìn níbẹ̀, ẹni tó bá lójú lè kà á.

"Àdìó," ni Olóyè Àkànní pè é, "igi mélòó ló wà nínú oko yìí?"

"Wọ́n á lé ní igba."

"Nínú igba igi, mẹ́sàn-án tó wà ní ààlà yìí nìkan lo rí fi dáná. Ta ló júwe wọn fún ọ?"

Àdìó sún àáké rẹ̀ sẹ́yìn ara rẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti dájọ́ pé Àpèkẹ́ ló ni oko. Wọ́n bi í bóyá kí wọ́n bá a tọ́jú ìwé ìdájọ́ náà sí ọ̀dọ̀ àgbà kan nínú ẹbí.

"Rárá o, Bàbá," ni ó wí. "Mo fẹ́ méjì. Kí ọ̀kan wà nínú ìwé kóòtù. Ọwọ́ mi ni èkejì máa wà."

Ó gba ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó pàdánù ilé. Wọn kò pè é sí ìkómọ mọ́ nínú agbo ilé Àkànmú. Bí wọ́n bá pín ẹran Iléyá, wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé sọ ọ́ ní Ìyá Oníwèé, wọ́n á sì pè é bẹ́ẹ̀ sókè lójú ọ̀nà odò kí ẹlòmíràn lè gbọ́. Èèyàn tí wọ́n rẹ́ jẹ ni wọ́n ń bá jà, ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ ṣì ń jókòó sórí àga bàbá wọn. Àpèkẹ́ gbin àgbọn mẹ́sàn-án mìíràn sí ààlà, gbogbo wọn ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ọdún mẹ́tàlá kọjá, Àdìó ránṣẹ́ pè é.

Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì ń ṣòwò ní Èkó, wọ́n sì ti wá kí i, aṣọ oyìnbó lọ́rùn wọn. Mùjídàt, ọmọbìnrin rẹ̀, ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fọ ẹní rẹ̀. Àpèkẹ́ ti oko dé, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níta, ó sì wọlé pẹ̀lú Adélékè, akọ̀wé ọjọ́sí, tó ti ń hewú.

"Àpèkẹ́, káàbọ̀. Jókòó."

"Ìdúró yìí tẹ́ mi lọ́rùn, Ẹ̀gbọ́n."

Àdìó mí kanlẹ̀. "Ilé tí mo kọ́ sí Àjàngbàdí, Mùjídàt ni mo fẹ́ fún."

"Ẹ fún un."

"Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Bí mo bá kú, wọ́n á ní mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní obìnrin ni."

"Ta ló kọ́ wọn?"

Àpèkẹ́ yíjú sí àwọn ọmọkùnrin náà tí wọ́n fara ti ògiri. "Kí akọ̀wé tó ṣí ìgò rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ohun tí ẹ bá nínú àpótí bàbá wa fún àwọn ọmọ yín."

"Àpèkẹ́, ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn."

"Ẹ̀yin náà lẹ ránṣẹ́ pè mí. Mo lè padà."

Àdìó wo Mùjídàt. "Ìwé wà níbẹ̀."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Pé oko ọ̀nà Ìbà di tìrẹ. Bàbá tẹ̀ka sí i."

"Níbo ló wà báyìí?"

"Mo sun ún."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà wúkọ́. Èkejì wo ilẹ̀. Adélékè ṣí ìgò tàdáwà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ó kọ orúkọ Mùjídàt, ó kọ ilé àti ààlà rẹ̀, ó ṣe é ní ẹ̀dà méjì, ó kà á sókè fún gbogbo wọn. Àdìó tẹ̀ka. Àpèkẹ́ ní kí àwọn ọmọkùnrin méjèèjì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, wọ́n sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú ojú kíkorò.

"Mùjídàt," ni Àdìó wí, "gbé e sínú àpótí mi."

Mùjídàt kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sí àpótí. Àpèkẹ́ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àpótí wo? Ilé ọkọ rẹ ni kí o gbé e lọ. Báyìí. Kí akọ̀wé gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí kóòtù."

"Ìyá mi, wọ́n á ní mò ń retí ikú bàbá mi."

"Wọ́n á sọ ọ́. Ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Oníwèé. Mo ṣì ń jẹ àgbọn mi."

Mùjídàt wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ yíjú sí ògiri. Mùjídàt so ìwé náà mọ́ etí ìró rẹ̀, ó jáde. Ọwọ́ Rodiyat, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ni ìwé yẹn wà ní Àjàngbàdí lónìí, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, ìka Àdìó ṣì hàn lórí rẹ̀. Ní èṣí, àwọn kan nínú ẹbí wá sọ fún un pé ilé kì í ṣe ti obìnrin. Ó gbé ìwé náà lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan ní Ìbà, wọn kò sì padà wá mọ́.

Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, Àpèkẹ́ ti yí padà láti máa lọ kí Àdìó tó tún sọ̀rọ̀.

"Obì wà nínú àwo yẹn. Ṣé o ò ní bá mi jẹ ẹ́, kí ìjà yìí tán?"

Àpèkẹ́ wo àwo náà. "Ìwé lẹ ránṣẹ́ pè mí fún, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti kọ ọ́."

Níta, Mùjídàt ti gbé apẹ̀rẹ̀ kan sílẹ̀ dè é, àgbọn kún inú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Àpèkẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ń yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi rí ọ̀kan tó ti hù. Ó kó ìyókù sínú apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ó fi ìyẹn nìkan sílẹ̀, ó sì ti apẹ̀rẹ̀ náà padà sí iwájú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ààlà ni kí o gbìn ín sí," ni ó wí.