Ó Rẹ Adàwékọ Lójú Ọ̀nà

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn, kó gbé àga rẹ̀ bọ̀ níwájú. Ohùn mi ti gbó, àmọ́ orin ò tíì tán nínú ẹ̀.

Àpèkẹ́, opó Tísà Láńrewájú n'Ígbó-Ọrà, ṣí àpótí. Ìwé ọkọ rẹ̀ ti fò lọ. Ọgbọ̀n ọdún ni Tísà fi kọ ọ́: nínú Mátíù, Máàkù àti Lúùkù, ta ló wo ìwé ta? "Ọ̀rọ̀ ìbejì ni," ni Tísà máa ń wí. "Mátíù ló ṣíwájú nínú Bíbélì bíi Táíwò, ṣùgbọ́n Máàkù ni Kẹ́hìndé, òun lẹ̀gbọ́n." Láràárọ̀ ló ń kà á sétí Àpèkẹ́ nídìí ẹ̀gúsí tí ìyẹn ń bó, ohun tí Àpèkẹ́ bá sì wí, á kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Wọn ò bímọ. Ìwé yẹn lọmọ.

Àlejò kan ṣoṣo ló wọlé lọ́sẹ̀ náà: Malachi, tó ń pe ara ẹ̀ ní dókítà nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ó tọrọ omi. Ìgbà tí Àpèkẹ́ lọ bù ú ló ráyè.

Àpèkẹ́ gun ọ̀kadà dé Èrúwà. Malachi ti kó lọ sí Tápà. Ó dé Tápà, eruku mọ́tò rẹ̀ ló bá. Orúnkún ń ro ó, ó ń kọrin lábẹ́ ètè:

Ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀ mi,
Má tíì jókòó.
Ohun tí mò ń wá ń sáré,
Má tíì jókòó.

Oṣù mẹ́fà kọjá, ìròyìn dé: Malachi fẹ́ kó ìwé tuntun jáde ní gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì kan l'Áyétẹ̀. Àpèkẹ́ mú Ọláyídé dání, ọlọ́pàá tí Tísà kọ́ ní ABD.

Malachi ń kàwé: "Purity ìyàwó mi bi mí léèrè nídìí ẹ̀gúsí..." Purity rẹ́rìn-ín níwájú. Àpèkẹ́ dìde. Ó ti mọ̀ pé olè ti yí orúkọ òun padà.

"Dókítà, ẹ ka ibi tí wọ́n ti sọ ti Hẹ́rọ́dù."

"Màmá, ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó tó láyé mi. Ẹ kà á."

Àwọn èèyàn ní kó kà á. Ó kà á:

"Máàkù pe Hẹ́rọ́dù ní ọba. Mátíù ní rárá, tetrákì ni, ìjòyè kékeré. Kò pẹ́, Mátíù náà tún pè é ní ọba. Adàwékọ nìyẹn: bó bá ti rẹ̀ ẹ́, á gbàgbé ohun tó ń yí padà. Nígbà tí mo là á yé Àpèkẹ́ mi, ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dànù..."

Ó pa ìwé dé.

"Ta ni Àpèkẹ́?" Purity ló bèèrè.

"Àṣìkọ ni."

"Àṣìkọ tó ń bó ẹ̀gúsí? Malachi, ta ni Àpèkẹ́?"

"Èmi ni," ni opó náà wí.

Malachi fò sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ọláyídé ló bá níbẹ̀.

"Ìwé Tísà ńkọ́?"

"Ìwé wo?"

"Oòrùn ti pa mí látàárọ̀ o, Dókítà. Ìwé ńkọ́?"

"Ó wà nínú bùùtù mọ́tò mi." Orí rẹ̀ wálẹ̀. "Èmi ni mo jí i. Mo fẹ́ yí orúkọ náà padà dópin ni. Ó rẹ̀ mí."

"Ó rẹ èmi náà," ni Àpèkẹ́ wí, "àmọ́ mi ò dúró."

Wọ́n mú Malachi lọ. Ìrẹsì àti ẹran àsè rẹ̀ ṣì ń gbóná. Purity fúnra ẹ̀ ló bù ú, Àpèkẹ́ ló kọ́kọ́ gbé tiẹ̀ fún. Kò sẹ́ni tó lọ sílé pẹ̀lú ebi. Àpèkẹ́ gun ọ̀kadà padà s'Ígbó-Ọrà, ó gbá ìwé mọ́ àyà bí ọmọ tuntun:

Ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀ mi,
O lè jókòó wàyí.