Róólà Irun Tí Ìyábọ̀dé Bá Wọn Gbé

Nọ́ọ̀sì ni Ìyábọ̀dé, Cambria Heights ní New York ló ń gbé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ Kànmí, àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní erékùṣù São Tomé. Ní àárọ̀ Sátidé tó dé, òun àti Démi, ọmọ rẹ̀ obìnrin, jókòó ní pálọ̀, wọ́n ń tú àpótí ẹrù.

Démi fa àpò kékeré kan yọ. Wọ́n fi okùn àti tépù dì í pinpin.

"Mummy, kí ni eléyìí?"

"Róólà irun ni. Bánjí, ọ̀rẹ́ àbúrò mi, ló ní kí n fún Adébísí, ará Stapleton ní New York níbí. Ó máa wá gbà á lónìí."

"Hair rollers? Ṣé kò sí rollers ní New York ni?"

Ìbéèrè tó yẹ kí ìyá rẹ̀ ti bi Bánjí nìyẹn! Ṣùgbọ́n Bánjí ló wa mọ́tò gbé e dé pápá ọkọ̀ òfurufú. Ó gbàdúrà fún un, ó pè é ní "Aunty wa", ó sì ní kó má wulẹ̀ ṣe wàhálà láti tú u. Ojú ti Ìyábọ̀dé láti kọ̀.

Ni nǹkan kan bá mira nínú àpò náà.

Démi já okùn. Róólà mẹ́fà ló wà níbẹ̀, wọ́n fi àwọ̀n dí ẹnu wọn. Ẹyẹ kékeré kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, aláwọ̀ búráùn, onírù kúkúrú, wọ́n fi tépù lẹ ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn lára. Márùn-ún ti kú. Ìkẹfà ń la ẹnu, kò lè dún.

"Yé! Jésù!" Ìyábọ̀dé fò sẹ́yìn. "Èmi! Èmi ni mo gbé èyí gba pápá ọkọ̀ òfurufú JFK kọjá!"

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò láti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń retí ọjọ́ náà.

"Démi, jẹ́ ká lọ tú èyí tó wà láàyè sílẹ̀ ní park, ká da ìyókù nù. Ta ló rí wa?"

Démi ti ń sunkún, ó sì ti ń pe Dókítà Oyèníyì, dókítà ẹranko tó ń gbé nílé kẹta sí tiwọn. Kò pẹ́ tí dókítà fi dé, sálúbàtà ilé ló wọ̀. Ó wo àwọn ẹyẹ náà dáadáa.

"Ẹ má tú u sílẹ̀ o," ló wí. "Kò mọ ibí, yóò kú síta. Tó bá sì ní àrùn, yóò kó o ran àwọn ẹyẹ ibí. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, ẹ lọ fi ọṣẹ fọwọ́ yín. Inú igbó erékùṣù São Tomé nìkan ni irú ẹyẹ yìí wà ní gbogbo ayé. Tó bá tán níbẹ̀, ó tán nìyẹn."

Ìyábọ̀dé gbá àyà mú. "Ní gbogbo ayé?"

"Ní gbogbo ayé. Kí lẹ sọ fún wọn ní JFK?"

"Wọ́n bi mí bóyá mo gbé animal. Mo ní rárá. Dókítà, mi ò mọ̀! Citizenship mi ńkọ́?"

"Lóòótọ́, ẹ ò mọ̀ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ti mọ̀ báyìí. Tí ẹ bá dà á nù, ẹ ti di ọ̀kan lára àwọn tó ń jí ẹyẹ kó láti tà nìyẹn. Ẹ pe lawyer yín, ká wá jọ pe Fish and Wildlife, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹranko igbó. Ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́."

Fóònù dún. Adébísí ni.

"Ẹ káàárọ̀ ma. Mo ti wà níwájú ilé yín. Ẹ ò tú u, àbí?"

"Mo tú u!" Ìyábọ̀dé fi ìbínú pariwo. "Ẹ ti pa wọ́n! Mi ò ní fún ẹ, ìjọba ni màá fún!"

Adébísí ò dágbére, ó ki mọ́tò mọ́lẹ̀, ó lọ. Láti ojú fèrèsé ni dókítà ti ya nọ́ńbà mọ́tò rẹ̀.

Ọ̀sán ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n pè dé, wọ́n kọ gbogbo ohun tí Ìyábọ̀dé sọ sílẹ̀, wọ́n sì gba àwọn ẹyẹ náà àti nọ́ńbà mọ́tò Adébísí. Lọ́yà rẹ̀ ní bó ṣe sọ ọ́ fúnra rẹ̀ yóò ràn án lọ́wọ́. Síbẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n sún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò rẹ̀ síwájú, kò sì tíì mọ ọjọ́ mìíràn. Ẹyẹ kẹfà ti kú kí ilẹ̀ Sátidé náà tó ṣú.

Ẹ̀yin ará wa, a mọ̀ pé ó máa ń nira láti kọ ẹrù ará ìjọ tàbí ọ̀rẹ́ ẹbí. Ẹ tú u lójú ẹni tó ni ín kí ẹ tó gbà á, kí ẹ sì wo inú ohun tó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Tí wọ́n bá bi yín ní pápá ọkọ̀ òfurufú bóyá ẹ bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù, ẹ sọ òótọ́. Tí ẹ bá rí ẹranko nínú ẹrù, ẹ má tú u sílẹ̀, ẹ má fi pamọ́, ẹ fi tó ìjọba létí.

Ẹni tó bá ní kí ẹ má tú ẹrù òun, ẹ gbé e lé e lọ́wọ́ padà níbẹ̀ yẹn.